Ilé ẹ̀kọ́ dókítà tí kò lówó ìpolówó: báwo ló ṣe lè yọ lórí Google ṣáájú àwọn ajẹ́ńtì?

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde, àwọn ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí àtàwọn ọmọ wọn máa ń tẹ̀ sórí Google. Fásitì wo ló ń kọ́ iṣẹ́ dókítà? Èló ni owó ilé ìwé rẹ̀? Máàkì mélòó ni wọ́n ń gbà? Ṣé ìjọba fọwọ́ sí i?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó máa kọ́kọ́ yọjú kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ gan-an. Ó lè jẹ́ ajẹ́ńtì tó ń ṣètò bí ọmọ ṣe máa lọ kàwé lókè òkun. Ó sì lè jẹ́ ìkànnì ẹnì kan tí kò wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn rí, tó kàn ń kọ ohunkóhun kí èèyàn lè wọlé, kí owó ìpolówó lè wọ àpò rẹ̀. Fásitì tó ní ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ní ilé ìwòsàn, tó ti ń kọ́ dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún, lè wà nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹ bá tiẹ̀ máa rí i rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o. Ọdún 6 ni ọmọ tó bá gba ọ̀nà JAMB wọlé fi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni housemanship ọdún 1, kó tó kan àgùnbánirọ̀. Ìdílé tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé níbẹ̀rẹ̀ lè pàdánù owó ilẹ̀ tí wọ́n tà. Èyí tó dùn wọ́n jù ni ọjọ́ orí ọmọ, torí pé kò sẹ́ni tó lè dá ìyẹn padà.

Kí ló wá dé tí ẹni tó ní ìdáhùn tòótọ́ kì í fi í yọjú, tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan sì ń wà lókè? Ṣé dandan ni kí ilé ẹ̀kọ́ ní owó rẹpẹtẹ kó tó lè yí i padà?

Báwo ni Google ṣe ń mọ ohun tó máa gbé jáde?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà tí àwọn bá tẹ ìbéèrè ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré wá ìdáhùn kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Google ti rìn ká kí ẹ tó béèrè. Ó ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń lọ láti ojú ewé kan sí òmíràn tọ̀sán-tòru. Ẹ fi wé ẹni tó ń wọ ìsọ̀ dé ìsọ̀ nínú ọjà, tó ń kọ ohun tí oníkálukú ń tà sínú ìwé. Inú ìwé ńlá yẹn ni Google ti ń mú èyí tó rò pé ó bá ìbéèrè yín mu jù lọ.

Báwo ló wá ṣe ń mọ èyí tó dára? Ní 1998 tí Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọgbọ́n tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí àlejò bá wọ àdúgbò tó ń wá oníṣègùn tó mọṣẹ́, ẹni tí àwọn àgbà bá júwe fún un ló máa tọ̀ lọ. Bákan náà, bí àwọn ìkànnì tí wọ́n ní orúkọ rere bá ń júwe ojú ewé kan, Google á kà á sí ẹ̀rí fún ojú ewé náà. Lónìí, nǹkan mìíràn tún ti kún un. Ṣé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dáhùn ìbéèrè náà lóòótọ́? Ṣé ó tètè ń ṣí lórí fóònù? Ta ló kọ ọ́?

Iṣẹ́ títún ojú ewé ṣe kí Google lè rí i, kó yé e, kó sì kà á sí ohun tó wúlò, òun ni wọ́n ń pè ní SEO. Ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀ fún Google nítorí rẹ̀.

Ìpolówó olówó yàtọ̀ síyẹn. Èyí tí wọ́n sanwó fún máa ń ní àkọlé “Sponsored” lórí. Ńṣe ni àwọn olùpolówó ń du àyè náà bíi ti ọjà gbàǹjo, tí wọ́n sì máa ń sanwó nígbàkígbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ìpolówó yẹn dà bí omi tánkà: lọ́jọ́ tí owó bá tán, omi tán. Ojú ewé tó dáhùn ìbéèrè dáadáa ló dà bíi kànga. Ó gba òógùn àti sùúrù láti gbẹ́ ẹ, àmọ́ bó bá ti kan omi, àwọn èèyàn á máa pọn ọ́n fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n bá sáà ti ń tún un ṣe.

Kì í ṣe àṣà tuntun

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé làwọn oníṣòwò ti mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́ èèyàn ní nǹkan gidi, òun ni èèyàn máa ń rántí. Ní 1888, ilé iṣẹ́ Johnson & Johnson ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan tó ń ṣàlàyé fún àwọn dókítà bí wọ́n ṣe lè tọ́jú ojú ọgbẹ́ kí kòkòrò àrùn má bàa wọ ọ́. Òwú àti báńdéèjì ni wọ́n ń tà. Ní 1895, ilé iṣẹ́ John Deere, tó ń ṣe irinṣẹ́ oko, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn kan fún àwọn àgbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni The Furrow.

Ní ti ìlera, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe é tó sì yọrí sí rere ni ilé ìwòsàn Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà. Ní 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ nípa oúnjẹ, oorun, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn nǹkan tí èèyàn ń béèrè lójoojúmọ́, tí àwọn dókítà wọn fúnra wọn sì ń dá sí i. Àwọn tí kò tíì ṣàìsàn débi tí wọ́n á lọ sí ilé ìwòsàn náà ti mọ orúkọ rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọrọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ ní tí ajẹ́ńtì kò ní

Ọwọ́ tí Google fi mú ọ̀rọ̀ ìlera kọ́ ló fi mú ọ̀rọ̀ aṣọ tàbí bọ́ọ̀lù. Nínú ìlànà tó fún àwọn tó ń bá a yẹ èsì ìwákiri wò, ó ya ọ̀rọ̀ tó lè kan owó tàbí ẹ̀mí èèyàn sọ́tọ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ojú líle wò ó. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ní ìmọ̀, bóyá àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, àti bóyá ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ní oṣù Kejìlá 2022, wọ́n tún fi ìrírí kún un: ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti ṣe nǹkan náà rí?

Ibí gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ní ọrọ̀ tí ajẹ́ńtì kò lè fowó rà. Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn láti 1948, ilé ìwòsàn UCH sì ṣílẹ̀kùn ní 1957. Fásitì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní ìlú Oǹdó kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí 2015 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìyàtọ̀ ọjọ́ orí wọn pọ̀, àmọ́ ohun kan pa wọ́n pọ̀: wọ́n ní olùkọ́ tó jẹ́ dókítà, tó ní orúkọ, tó ní ìwé àṣẹ, tó ń rí aláìsàn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ ojú ewé kan nípa àtọ̀gbẹ tàbí nípa bí ọdún kìíní ṣe ń rí fún akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó ẹ̀rí.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ ọ́. Yorùbá sì bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe láìná owó rẹpẹtẹ

Èkíní, kí wọ́n kó ìbéèrè jọ. Akọ̀wé tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé mọ ohun tí àwọn òbí ń béèrè ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì náà mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá kọ gbogbo ìbéèrè ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n tún lè kọ ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè sí ojú Google kí wọ́n wo bó ṣe máa parí rẹ̀ fún wọn, torí ohun tí àwọn èèyàn ń wá ló fi ń parí rẹ̀. Google Trends náà wà, ọ̀fẹ́ ni.

Èkejì, kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, kí àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń lò. Kò sí òbí tó máa tẹ “ìwé àkíyèsí láti ọ́fíìsì bọ́sà” sórí fóònù. “Èló ni owó ilé ìwé dókítà lọ́dún kìíní?” ló máa tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń ya fọ́tò ìwé àkíyèsí, tí wọ́n á gbé e sórí ìkànnì báyẹn. Google kì í lóye fọ́tò dáadáa bó ṣe ń lóye ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀. Ìdáhùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń wá a kò ní rí i.

Ẹ̀kẹta, kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ipò rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn. Owó ilé ìwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tó ṣì wà lórí ìkànnì burú ju kó má sí nǹkan kan níbẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí ojú ewé náà fúyẹ́. Fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, dátà sì wọ́n. Google fúnra rẹ̀, bí ojú ewé ṣe rí lórí fóònù ló fi ń díwọ̀n rẹ̀. Fọ́tò ńlá àti fídíò tó ń ta fúnra rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ń lé èèyàn lọ ni.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n lo irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ méjì. Google Business Profile ló máa ń gbé àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ilé ẹ̀kọ́ sórí àwòrán ilẹ̀, kí àlejò má ṣìnà. Search Console ní tirẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí ìkànnì náà hàn, àti iye ìgbà tí wọ́n wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ ojú ewé tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń sùn.

Ẹ̀kẹfà, kí wọ́n má fi èdè Yorùbá sẹ́yìn. Láti 2013 ni Yorùbá ti wà lórí Google Translate, àmọ́ ojú ewé ìlera tí dókítà fi Yorùbá kọ kò tíì pọ̀ rárá. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ń bá àwọn òmìrán ayé du àyè. Bó bá ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru, ibà tàbí rọpárọsẹ̀ ní Yorùbá tó já gaara, àwọn tó máa bá a du àyè kò ní pọ̀. Ìyá tó ń ka àlàyé yẹn fún àìsàn ara rẹ̀ lónìí lè ní ọmọ tó máa ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tó sún mọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìṣègùn ló ti ń wá sórí rédíò láti sọ̀rọ̀ lórí ìlera, tí àwọn olùgbọ́ á sì máa pè wọlé. Bí ètò bá ti parí, ọ̀rọ̀ náà bá afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá jókòó ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, tó kọ ìbéèrè àwọn olùgbọ́ àti ìdáhùn dókítà jáde, láìdárúkọ ẹni tó pè, tí dókítà náà sì tún un kà, ojú ewé mẹ́rin sí márùn-ún ti wà nílẹ̀. Owó iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn nìkan ni wọ́n máa ná.

Ibi tí ó ti yẹ kí wọ́n ṣọ́ra

Ìlànà ìwà tí àjọ MDCN, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà àti dókítà eyín ní Nàìjíríà, fi lélẹ̀ kò gba dókítà láyè láti máa polówó ara rẹ̀ bí ẹni ń ta ọjà. Torí náà, kí ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́ni, kó má máa fọ́nnu. “Àwa la dára jù” kò wúlò fún òbí. “Ilé ìwòsàn tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń kọ́ṣẹ́ nìyí, iye bẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀ nìyí” ló wúlò.

Aláìsàn kì í ṣe ohun èlò ìpolówó. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sí ohun tó gba ìṣọ́ra gidigidi. Fọ́tò aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé ilé ẹ̀kọ́ lọ sí kóòtù.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú náà wà o. Àwọn kan ń lo ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá láti kọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ewé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2024, Google kéde ìlànà lòdì sí kíkọ ojú ewé rẹpẹtẹ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, yálà èèyàn ló kọ ọ́ tàbí ẹ̀rọ. Ojú ewé tó bá rú u lè lọ sísàlẹ̀ tàbí kó pòórá pátápátá. Ní ti ìlera, ewu tó wà níbẹ̀ ju ìyẹn lọ. Bí ẹ̀rọ bá ṣi ìwọ̀n oògùn kọ, tí dókítà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ni ẹni tó lò ó máa rí lórí rẹ̀.

Èyí tó le jù ni òtítọ́ tí kò dùn. MDCN ló ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà, ó sì ti fìyà jẹ àwọn tó kọjá iye náà rí. Ilé ẹ̀kọ́ tí iye tirẹ̀ kéré, tàbí tí ìfọwọ́sí rẹ̀ kò tíì pé, lè fẹ́ pa á mọ́. Kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Òbí tó ka òtítọ́ níbẹ̀ lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn lọ́dún yìí, àmọ́ á gba ìyókù tó kà níbẹ̀ gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Kí ilé ẹ̀kọ́ má sì retí èso lọ́la. Ó lè gba oṣù bíi mélòó kan kí Google tó rí ojú ewé tuntun, kó sì fọkàn tán an. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ ọ́ ṣáájú kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tí èsì bá ti dé.

Kí òbí wo kó tó sanwó

Ní ti ẹ̀yin òbí, ohun àkọ́kọ́ ni pé wíwà lókè lórí Google kì í ṣe ẹ̀rí pé ilé ẹ̀kọ́ dára. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà sanwó, ó sì lè jẹ́ pé ó mọ SEO dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá “Sponsored” wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àdírẹ́sì ìkànnì náà. Èyí tó parí sí .edu.ng kì í ṣe ti gbogbo ayé, torí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Ìyẹn nìkan kò sì tó. Ẹ lọ sórí ìkànnì MDCN, kí ẹ wo bóyá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ wo ti àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn fásitì pẹ̀lú. Fásitì lè ní àṣẹ NUC kí iṣẹ́ dókítà tirẹ̀ má tíì gba ìfọwọ́sí MDCN.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun máa bá yín gba àyè láìgba orí CAPS ti JAMB, ẹ sá fún un. JAMB ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé òun kò mọ irú ìgbaniwọlé bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ òkè òkun ni, ẹ rántí pé ẹni tó kọ́ iṣẹ́ dókítà níbẹ̀ máa ṣe ìdánwò MDCN, á sì yege, kó tó lè ṣiṣẹ́ níbí. Àwọn ajẹ́ńtì kan máa ń ṣàfihàn pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn wà nínú World Directory of Medical Schools. Ìwé àkójọ orúkọ nìyẹn. Àwọn tó ni ín fúnra wọn sọ pé wíwà níbẹ̀ kì í ṣe ìfọwọ́sí.

Bí ẹ bá wá ìdáhùn tí ẹ kò rí i lórí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́, ẹ pè wọ́n tàbí kí ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ béèrè. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ sọ fún akọ̀wé pé ẹ ti wá a lórí Google, ẹ kò rí i. Ẹ bá a kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó lè jẹ́ ìbéèrè yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dáhùn fún òbí tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín.